Ta Ló Lè Báni Dé Òpin Ìrìn-Àjò?

 

Àbúrò mi kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ìyá ni wá. Tíṣà ni níbí kó tó lọ. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀ báyìí, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, òru ló sì máa ń ṣiṣẹ́ jù. Lálẹ́ ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá, fóònù mi dún ní nǹkan bí aago méjì òru. Mo rò pé ẹnìkan ló kú ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Ifá. Ṣé kí n máa bọ̀ nílé?"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ògúndá Méjì ló jáde.

Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ níbí.

Ẹ̀yin awo mọ ìtàn tó wà nínú Odù yìí, ṣùgbọ́n nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà pé ta ni nínú wọn tó lè bá ẹni tó ń sìn ín lọ sí ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn, kí ó bá a kọjá òkun, kí ó má padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun lè ṣe é. Wọ́n ní, tó bá wá kan Kòso tó jẹ́ ilé bàbá rẹ̀ lọ́nà, tí àmàlà àti gbẹ̀gìrì ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Ṣàngó ò purọ́. Ó ní tí òun bá ti jẹun, òun ò ní lọ mọ́. Bí wọ́n ṣe bi Ọya nípa Ìrá nìyẹn, tí wọ́n bi Ògún nípa Ìrè, tí wọ́n bi Òrìṣàńlá nípa Ifọ́n. Oníkálukú ló ní ilé tí oúnjẹ ti ń dúró dè é. Ó kan Ọ̀rúnmìlà gan-an, òun náà rántí Òkè Ìgẹ̀tí. Orí nìkan ló kù tó lè bá ènìyàn dé ibi tó ń lọ.

Mo wá sọ fún àbúrò mi pé, "Ṣé o rí i, orí rẹ ló sìn ọ́ débẹ̀. Bọ orí rẹ, ṣe sùúrù, má tíì bọ̀." Gbogbo rẹ̀ ló dún bí ọ̀rọ̀ Ifá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kì í fún un lórí fóònù yẹn, páànù ló wà lọ́kàn mi. Ilé tó ń kọ́ ní Òkukù níbí, èmi ni mò ń bójú tó o. Ògiri ti dúró, òrùlé ló kù. N ò dìbò láti bi Ifá bóyá ire ni àbọ̀ náà àbí kì í ṣe ire. Mo fo ìyẹn. Awo tó bá ń kà á mọ ohun tí mò ń sọ.

Kí ló wá ń dà á láàmú gan-an? Òtútù kọ́, iṣẹ́ kọ́. Ó ní wọn kì í bú òun níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé orúkọ òun kù sí sílébù kan, Ifá tó wà níwájú rẹ̀ ti bọ́ dànù. Físà rẹ̀ so mọ́ ilé-iṣẹ́ tó gbà á. Tí wọ́n bá lé e, ọgọ́ta ọjọ́ ló sábà máa ń ní láti fi wá ẹlòmíràn tí yóò gbà á, tàbí kó kẹ́rù. Nítorí náà, tí ọ̀gá bá fi kún wákàtí iṣẹ́, á dákẹ́. A ti ń tọ́jú owó pé kí ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ bá a nígbà tí òfin yí padà: láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè físà fún irú iṣẹ́ yẹn ò lè mú ìyàwó àti ọmọ wọ ìlú náà mọ́. Ọmọ rẹ̀ kékeré ń pè mí ní Dádì. Mo tún un ṣe fún un lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó sú mi.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ jápa lásán ni mò ń sọ. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, iṣẹ́ àṣekágbá mi sì dá lórí àwọn ará ilẹ̀ wa tó lọ ṣòwò ní Góòlù Kóòsì, tó wá di Gánà. Èrò ń lọ láti Òkukù, láti Ìnísà, láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n tajà ní Kùmásì, wọ́n tajà dé Tàmálè. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kó jáde. Ìyá àgbà kan níbí sọ fún mi pé Kùmásì lòun ti bí gbogbo ọmọ òun, Twi làwọn ọmọ náà ń sọ láàárín ara wọn. Àwọn oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó ń wò ó bó ṣe ń di ẹrù. Wọ́n gba Tógò, wọ́n gba Dàhòmẹ̀, nínú lọ́rì tí wọ́n ti há mọ́ra. Mo bi í pé kí ló dùn ún jù. Ó ní ìgbà tóun dé Òkukù ni, tí wọ́n ń pe òun ní ará Gánà. (Kí a má bàa dá ara wa láre: ní oṣù kìíní 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà. Orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣì wà lára báàgì tí a fi ń kó aṣọ.)

Ìyá yìí kan náà ló jẹ́ kí ẹjọ́ mi má burú tán pátápátá. Ó ní àwọn tó ti kọ́lé sílé kí òfin yẹn tó dé rí ibi wọ̀. Àwọn tí kò kọ́ ọ lọ wà lọ́dọ̀ ẹbí, ojú wọn sì rí nǹkan. Kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan ló ń jẹ́ ká máa béèrè owó òrùlé lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Ẹ̀rù 1969 ṣì wà nínú ara wa. Ilé tó wà ní Òkukù, ẹnikẹ́ni ò lè ní kó gba ìwé ìgbélùú.

Ṣùgbọ́n mo tún padà sí Ògúndá Méjì. Ohun tí Ọ̀rúnmìlà béèrè ni pé ta ló lè tẹ̀lé arìnrìn-àjò. Kò sọ pé arìnrìn-àjò ò gbọ́dọ̀ yí padà. Ifá dáhùn ìbéèrè kan, èmi mú ìdáhùn náà lọ fi dí ìbéèrè mìíràn. Ẹ sì wò ó, ta ló bú Ṣàngó nínú ìtàn yẹn? Kò sẹ́ni tó pè é ní ọ̀lẹ pé ó rántí ilé. Òrìṣà láṣẹ láti padà sídìí àmàlà, àbúrò mi ni mo ní kó máa bá orí nìkan lọ. Orí tí a sì sọ pé ó ń bá a lọ yẹn, òun náà ló gbé fóònù lé e lọ́wọ́ ní aago méjì òru. Kí ló dé tí mo fi rò pé ìgbà tó bá ń ránṣẹ́ owó nìkan ni orí rẹ̀ ń sọ̀rọ̀?

Mo mọ ohun tí ìlú máa sọ tó bá dé lọ́wọ́ òfo. Ọdún Ọlọ́ọ̀kù á dé, wọ́n á máa wo bàtà rẹ̀. Èmi náà á gbọ́ tèmi, pé babaláwo ò rí ọ̀nà là fún àbúrò ara rẹ̀. Ìyẹn náà wà lára ohun tí mò ń gbèjà lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo pè é. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìbò tí n ò dì, ti páànù. Mo ní tó bá gbà, a ó tún bi Ifá, òun fúnra rẹ̀ á máa gbọ́ lórí fóònù, ohun tó bá sì fọ̀ ni n ó sọ. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìdì páànù mélòó ló kù?"

Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ó ní òun ń wọṣẹ́ lọ, tóun bá dé, ká dá a.