Ẹni Tó Gbowó Ilé, Ẹ̀mí Ló Gbà Sọ́wọ́

Ẹni tó fi ilé rẹ́ǹtì fún ìdílé kan ń ṣòwò. Ẹni tó fi ilé kan náà rẹ́ǹtì fún èèyàn mẹ́jọ tí wọn kò mọra rí, òwò nìkan kọ́ ló ń ṣe mọ́, ó ti di alágbàtọ́ ẹ̀mí mẹ́jọ. Òun ló mọ̀ bóyá wáyà iná ilé náà dára, bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣeé ṣí lóru, bóyá omi inú táǹkì ṣeé fi fọ ẹnu. Ayálégbé kò mọ̀. Iye tó san nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, bí a bá ń wá ọmọlúàbí láàárín àwọn tó kọ́lé sí Èkó, ẹ má ṣe wo géètì rẹ̀, ẹ má ṣe wo mọ́tò tó gbé sínú ọgbà. Yàrá tó kéré jù lọ tó fi ń gbowó ni kí ẹ wò.

Victoria Garden City, tí gbogbo wa ń pè ní VGC, wà lẹ́bàá títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, kí èèyàn tó dé Ajah, ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà. Inú ọgbà ni, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn òpópónà rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì, ẹgbẹ́ àwọn onílé àti olùgbé sì ń mójú tó ètò ibẹ̀. Ẹni tó bá dúró lójú títì lè rò pé ọ̀rọ̀ ilé àjọgbé kò kan irú ibẹ̀ yẹn. Ó kàn án, ó sì kan gbogbo àyíká rẹ̀. Àwọn tó ń tajà ní Ikota Shopping Complex tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ báńkì àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nọ́ọ̀sì, tíṣà, ẹ̀ṣọ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀, gbogbo wọn ló ń wá ibi tí wọ́n máa sùn sí tí kò jìnnà síbi iṣẹ́, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà yẹn lè gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Owó odidi ilé sì ju agbára wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dáwó jọ, tí ẹni mẹ́rin tàbí mẹ́fà ń gba fúláàtì kan tàbí bọ́ìsì kọ́tà kan, láti Ikota títí dé Ṣàngótẹ̀dó.

Kò sí àléébù nínú kí á jọ gbé. Agboolé ni wọ́n bí àwọn bàbá wa sí. Ṣùgbọ́n agboolé ní baálé tó ń gbé inú rẹ̀, tó ń gbọ́ bí ọmọdé bá sunkún lóru, tí òjò bá sì jò, òun náà á tutù. Ohun tó ba tiwa jẹ́ ni pé onílé ti kúrò níbẹ̀, ó fi kẹ́atékà sílẹ̀, ó sì ti ṣàwárí pé yàrá kan lè di mẹ́ta. Mo ti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí lápá Ajah. Pálọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pín in sọ́nà mẹ́ta. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, pákó ìpààlà sì gba àárín rẹ̀ kọjá: ẹnì kan ní ìdajì fèrèsé, ẹnì kejì ní ìdajì, ẹnì kẹta kò ní nǹkan kan. Bí ẹni ìkángun bá sín, ẹni ìkángun kejì á kí i. Wáyà kan ló gbé iná dé yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń gba orí pákó lọ ní ìhòòhò, òun ni wọ́n sì so fáànù, áyọ́ọ̀nù àti sítóòfù oníná mọ́. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo yẹn gan-an. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ìdílé tó sùn tí kò jí nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀. Onílé yẹn náà ti gbọ́.

Òfin kò ṣàìsí nílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí òfin tó de onílé àti ayálégbé ní ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin náà yọ Apapa, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Kò yọ VGC, kò yọ Lẹ́kkí, kò yọ Ajah. Ó ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ lè san owó ìtanràn ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ó ní kí onílé já rìsíìtì fún owó tó bá gbà. Bó bá gba owó ìtọ́jú ilé tàbí owó ìdúró, kí ó já rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì ṣàlàyé lórí ìwé ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ohun tó fi ṣe. Kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ayálégbé, kò gbọdọ̀ dá ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò dúró. Ẹni tó ń san owó ọdọọdún, tí àdéhùn wọn kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni a fi ń fún un ní nótíìsì. Ẹni tó bá ṣí páànù kúrò lórí ayálégbé kí ó lè sá jáde lè san ₦250,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọdún gorí ọdún lórí òfin yìí. Ẹ̀yin tí ẹ gba ilé, ta ni nínú yín tí wọ́n ti ṣírò owó ìtọ́jú ilé fún rí?

Owó àti àdéhùn ni òfin náà sì dá lé. Kò béèrè iye èèyàn tó yẹ kó wà nínú yàrá kan. Àjọ LASRERA ń forúkọ àwọn àgẹ́ǹtì sílẹ̀. Àjọ LASBCA ń ṣọ́ bí a ṣe ń kọ́lé. Ní 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó tún gbé àbá òfin tuntun yẹ̀wò, èyí tó fẹ́ kí owó àgẹ́ǹtì má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Gbogbo rẹ̀ dára. Síbẹ̀, kò sí èyí tó ní kí onílé wá gba ìwé àṣẹ kó tó kó àlejò mẹ́fà sábẹ́ òrùlé kan.

Ibi tí àìbéèrè ń gbé ọ̀rọ̀ já hàn sí gbogbo ayé ní 2024. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Kọmíṣọ́nnà fún Àyíká, Tokunbo Wahab, kéde pé wọ́n bá yàrá 86 lábẹ́ afárá Dolphin Estate ní Ìkòyí, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń san bíi ₦250,000 lọ́dún. Ẹnì kan sọ abẹ́ afárá ìjọba di ilé, ó sì ń gba rẹ́ǹtì. Nígbà tí ìjọba dé, àwọn tó sanwó ni wọ́n kó ẹrù síta. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láyé ijọ́un. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ó sì jà fún ọdún bíi mélòó kan nínú àwọn ilé tó há gádígádí. Ní 1928 ni ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, àjọ yìí náà ló sì wó ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó láàárín ọdún 1950 sí 1960, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Surulere. Ìjọba tí kò bá yẹ ilé wò lákòókò, katapílà ló máa gbé wá níkẹyìn.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham àti Newham ní London ń gbé lábẹ́ ètò mìíràn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí èèyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kì í ṣe ìdílé kan náà bá ń gbé ilé kan, tí wọ́n jọ ń lo kíṣìnì tàbí ilé ìwẹ̀, onílé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ káńsù. Yàrá tí àgbàlagbà kan máa sùn sí kò gbọdọ̀ dín ní 6.51 square metres. Ti ẹni méjì kò gbọdọ̀ dín ní 10.22. Wọ́n ń béèrè ìwé àyẹ̀wò gáàsì lọ́dọọdún. Lẹ́yìn èyí, káńsù á yẹ onílé fúnra rẹ̀ wò: ṣé ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi jìbìtì rí? Ṣé ó ti ṣe èèyàn léṣe? Ṣé ó ti rú òfin ilé gbígbé? Bí ìwà rẹ̀ kò bá yẹ, ilé rẹ̀ ì báà rẹwà bí ààfin, kò ní rí ìwé náà gbà. Ó yẹ kí èyí ká wa lára. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ ọmọlúàbí rí ń fi ìwà wọn onílé, àwa tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tọ́ dàgbà kò bi onílé ní ìbéèrè kankan ju “èló ni?” lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìwà onílé sórí ìwọ̀n. Ọmọlúàbí a máa sọ òtítọ́: bí àgbàrá bá ń wọ yàrá nígbà òjò, á sọ fún ẹni tó fẹ́ gbà á kó tó gba owó rẹ̀. Ọmọlúàbí kì í jẹ ohun tí wọ́n fi pamọ́ sí i lọ́wọ́: owó ìdúró tí ayálégbé san, bí kò bá ba nǹkan jẹ́, á dá a padà láìjẹ́ pé wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọmọlúàbí ní ìtẹ́lọ́rùn: ó mọ ìgbà tó yẹ kí pálọ̀ ṣì máa jẹ́ pálọ̀. Ọmọlúàbí ní ojú àánú: kò lè fi ọmọ ọlọ́mọ síbi tí kò ní fi ọmọ tirẹ̀ sí. Ìdánwò tó wà nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, kò sì nílò lọ́yà láti túmọ̀ rẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Onílé náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Sìmẹ́ńtì ti gbówó lérí, ayálégbé mìíràn á jẹ gbèsè ọdún méjì, ẹjọ́ á sì máa fà ní kóòtù. Èyí tó tún burú ni ayálégbé tó di onílé ọ̀sán gangan: yóò gba fúláàtì lórúkọ ara rẹ̀, yóò kó ẹni mẹ́rin wọ̀ ọ́, yóò gba ìlọ́po owó tó san, onílé kò sì mọ̀. Òfin 2011 sọ ọ́ gbangba pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé onílé gbà fún un lórí ìwé. Ẹni tó ń ráhùn pé onílé ń rẹ́ òun jẹ, tí òun náà ń rẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ nínú yàrá kan náà, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń bú. Bákan náà ni ẹni tó bu epo jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo ilé dáwó rà, àti ẹni tí kì í fọ ilé ìwẹ̀ nígbà tó kàn án. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Àwọn kan á ní ìwé àṣẹ yóò kàn di ọ̀nà mìíràn tí òṣìṣẹ́ ìjọba máa fi gba ẹ̀gúnjẹ, pé onílé á sì gbé owó náà lé ayálégbé lórí. Òótọ́ ni ẹ̀rù yẹn. Nítorí náà, kí owó ìwé náà kéré, kí ìjọba ìbílẹ̀ lẹ orúkọ ilé tó gbà á mọ́ ara pátákó níta, kí ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò má ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ: ìwọ̀n yàrá, fèrèsé, wáyà iná, ilé ìyàgbẹ́, ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, àti ilẹ̀kùn kejì tó ṣeé gbà sá bí iná bá sọ. Ẹgbẹ́ onílé VGC àti irú wọn ní géètì, wọ́n ní ìwé orúkọ olùgbé. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la láìdúró de aṣòfin.

Ẹ̀yin onílé wa, kí ìwé àṣẹ tó dé, ẹ lọ wọ yàrá tí ẹ fi rẹ́ǹtì. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níta. Bí ẹ kò bá lè fara dà á, ẹ tú pákó náà, kí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí ẹ sì dín iye èèyàn kù. Owó tó bá bá a lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Ilé tí a fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wéwu kì í ṣe ohun ìní ọmọlúàbí.