Ohun Tí A Rí Ní Ìkọ̀kọ̀: Ti Ta Ni?

Ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ gbé ka iwájú àwọn olùkàwé wa ní oṣù yìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, tí iṣẹ́ yín jẹ́ láti máa fi ohun tí ẹ mọ̀ han ẹlòmíràn. Bí ènìyàn bá rin ìrìn jíjìn, tí ó sì rí ohun dáradára kan ní ibi tí ẹsẹ̀ kì í sábà dé, ó ha yẹ kí ó pa á mọ́ fún ara rẹ̀, tàbí kí ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé? Àwọn kan wà tí ìbéèrè yìí kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Àwọn ni àwọn tí ń wá àpáta ìkọ̀kọ̀ gùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ilẹ̀ Wales.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó fi gígun ògiri àpáta ṣe eré ìdárayá, tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gòkè, pẹ̀lú okùn tí a so mọ́ ìbàdí. Àwọn àpáta kan lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó fẹ́ gùn wọ́n fi ń dúró de ara wọn ní ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn apọnmi ti ń dúró de ara wọn ní etí kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà nínú wọn tí kò fẹ́ ibi tí èrò pọ̀ sí. Wọn a yẹ àwòrán ilẹ̀ wò, wọn a sì fi wákàtí púpọ̀ la ẹrẹ̀ àti koríko kọjá, kí wọ́n lè dé ìdí àpáta kan tí bóyá ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn láti ọdún púpọ̀ wá. Nígbà mìíràn òkúta jíjẹrà àti omi tí ń kán ni wọn a bá níbẹ̀, wọn a sì padà wá ilé ní ọwọ́ òfo. Síbẹ̀, wọn a tún lọ.

Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò wí pé, “Kí ni èrè rẹ̀? Oko kò sí lórí àpáta, ọjà kò sì sí níbẹ̀.” A kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀sín, nítorí ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1798. Ní ọdún náà, ọkùnrin méjì gun àpáta kan tí a ń pè ní Clogwyn Du'r Arddu, ní ẹ̀gbẹ́ Snowdon, òkè tí ó ga jù lọ ní Wales, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,085. Ọ̀kan ni Peter Bailey Williams, àlùfáà ìjọ Llanrug àti Llanberis. Èkejì ni William Bingley, ẹni tí òun pẹ̀lú di àlùfáà lẹ́yìn náà. Ewéko ni wọ́n ń wá, irú èyí tí ń hù ní ibi gíga tí òtútù wà. Nígbà tí ọ̀nà bá le, Williams, tí bàtà rẹ̀ ní ìṣó nídìí, a gun iwájú, a sì na ìgbànú rẹ̀ sí ẹnì kejì rẹ̀ kí ó lè dì í mú gòkè. Bingley kọ ìtàn náà sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1800, a sì kà á sí ọ̀kan nínú àwọn ìtàn àkọ́kọ́ nípa gígun àpáta tí a kọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Britain. Èrè owó kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wí pé asán ni fún ènìyàn láti fẹ́ mọ ohun tí ó wà ní ayé tí a bí i sí? Bí èyí bá jẹ́ asán, ìdajì ohun tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ asán pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ewu ni ó wúwo ju ọ̀rọ̀ èrè lọ. Lórí àpáta tí ó lókìkí, àwọn tí ó ti kọjá ti yọ òkúta tí kò dúró dáadáa kúrò lọ́nà. Lórí èyí tí ó wà ní ìkọ̀kọ̀, olúkúlùkù ni yóò dán òkúta tirẹ̀ wò. Bí ó bá sì ṣubú, ìrànlọ́wọ́ jìnnà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1903, ọkùnrin mẹ́rin tí okùn kan so pọ̀ ṣubú ní àpáta Scafell ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èyí tí ó yè nínú wọn. Okùn tí ó so wọ́n pọ̀ fún ìrànlọ́wọ́ ni ó so wọ́n pọ̀ nínú ìṣubú. Okùn mìíràn sì wà tí ojú kò rí: ìyá tí ń retí ọmọ, aya tí ń retí ọkọ, àti àwọn ẹgbẹ́ olùgbàlà orí òkè, tí wọ́n jẹ́ ará ìlú bí àwa, tí wọn kì í gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí wọn a fi ibùsùn wọn sílẹ̀ lóru láti wá ẹni tí ó sọnù. Nítorí náà, ẹni tí ń lọ sí ibi ìkọ̀kọ̀ jẹ gbèsè yìí: kí ó sọ fún ẹnìkan ibi tí ó ń lọ àti ìgbà tí yóò padà, kí ó sì lè yí padà nígbà tí àpáta bá kọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ti ní ààlà níhìn-ín, nítorí ó di dandan kí ẹnìkan mọ̀.

Ó ku kí a wo bóyá ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 1886, W. P. Haskett Smith nìkan gun òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń pè ní Napes Needle, ní ẹ̀gbẹ́ òkè Great Gable ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó tó di ọdún náà, ó ti rí i fìrí láàárín ìkùukùu. Nígbà tí ó dé orí rẹ̀, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kí a lè mọ̀ pé ènìyàn ti dé ibẹ̀. Ní ọdún 1891, Owen Glynne Jones rí àwòrán òkúta náà nínú fèrèsé ilé ìtajà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lọ gùn ún. Láti ìgbà náà wá àwọn tí ó ti gùn ún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ àti bàtà ti mú ojú òkúta náà dán, tí ó sì ń yọ̀.

Ti òkúta sàn, nítorí ó le. Àwọn ohun mìíràn kò le bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1850, ìfẹ́ àwọn ewéko tí kì í tanná, tí ewé wọn rí bí ìyẹ́ ẹyẹ, gba àwọn ará Britain lọ́kàn, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ ní wọn sí ilé. Bí a ti gbọ́ pé irú kan, tí a ń pè ní Woodsia, ń hù lára àwọn àpáta ìtòsí Moffat ní Scotland, àwọn tí ń kó o lọ dé, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run níbẹ̀. Gbogbo wọn ni ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ náà ni ó fà á tu.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń wí pé, “Ẹ jẹ́ kí a dákẹ́. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì ní ilé àńjọ̀fẹ́. Bí a bá sọ̀rọ̀, èrò yóò dé, ibi náà yóò sì bàjẹ́.” Àwọn mìíràn dáhùn pé, “Ìwọ pẹ̀lú, ta ni ó sọ fún ọ? Ṣé ìwọ ni ó dá àpáta náà ni, tí o fi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀?” Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní òtítọ́ nínú. Ṣùgbọ́n a rò pé ẹni tí ń fi ibi náà pamọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ọkàn ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nítorí ewéko àti ẹyẹ ni ó ṣe dákẹ́, ó ṣe rere. Bí ó bá sì jẹ́ kí ó lè máa wí pé òun nìkan ni òun mọ̀ ọ́n ni, a jẹ́ pé ìgbéraga ni ó ń ṣọ́. Haskett Smith kò di tálákà nítorí pé àwọn ẹlòmíràn gun òkúta rẹ̀. Ní ọdún 1936, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó tún gùn ún lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, inú ẹni gbogbo sì dùn.

Ọ̀nà kẹta wà, èyí tí ọ̀ràn àṣá fi hàn wá. Irú àṣá kan wà tí a ń pè ní peregrine, tí ń yé ẹyin sí ògiri àpáta. Oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò dín in kù gidigidi ní Britain títí di nǹkan bí ọdún 1963. Lẹ́yìn náà ni ó tún ń pọ̀ sí i. Òfin ọdún 1981 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti yọ ọ́ lẹ́nu ní ìtẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ń gun àpáta pẹ̀lú gbà láti máa fi àwọn àpáta kan sílẹ̀ ní àkókò ìyé ẹyin, wọ́n sì ń kéde orúkọ àwọn àpáta náà kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì débẹ̀. Níhìn-ín, sísọ ni ó gba ẹyẹ là. Ẹni tí kò gbọ́ kò lè ṣọ́ra.

Èyí ni ìdájọ́ tiwa. Ẹni tí ó rí ohun rere ní ìkọ̀kọ̀ kò di olówó rẹ̀. Olùtọ́jú ni ó jẹ́. Olùtọ́jú a máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í fi ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ pa ariwo lójú ọjà. Kí ó mú ẹnì kan tàbí ẹni méjì dání, gẹ́gẹ́ bí Williams ti na ìgbànú sí Bingley, kí ó sì kọ́ wọn bí a ti í rìn níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ ọ̀nà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ èyí ṣáájú wa: bí ẹ bá fi ìwé lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ a kọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ti í ṣí i, kí ojú ewé má bàa ya. Ẹ má sì ṣe tìtorí pé ọmọ lè ya á, kí ẹ ti ìwé mọ́ inú àpótí.