Ohun Tí A Rí àti Ohun Tí A Gbà Gbọ́: Ìbéèrè Lórí Ẹ̀kọ́ Ojú Fóònù fún Àwọn Ọmọ Girama

Ìbéèrè kan fara pamọ́ sẹ́yìn gbogbo ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ girama ń kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní, òun náà sì ni pé, ṣé ìmọ̀ ni ọmọ náà ń rí gbà lójú fóònù, àbí ìgbàgbọ́ ni? Lójú òbí tó ń ronú owó dátà àti ìdánwò WAEC, ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àríyànjiyàn àwọn tí iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n nínú èdè Yorùbá ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ kì í ṣe kékeré, ẹni tó bá sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn kò ní mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tó ń sanwó rẹ̀. Ìlú Ẹdúnàbọ̀n, tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí Mòrò àti Ìpetumodù jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, jẹ́ ibi tó dára láti gbé ìbéèrè náà kalẹ̀, nítorí pé kò jìnnà sí yunifásítì tí àwọn onímọ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì wò fínnífínní, àti nítorí pé ìpínlẹ̀ tó ni ín ti fi ẹ̀rọ lé àwọn ọmọ girama lọ́wọ́ rí, tó sì fi orúkọ ìmọ̀ pè é.

Ní ọdún 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n ti jẹ́ olùkọ́ filọ́sọ́fì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìpìlẹ̀ èrò ènìyàn, ní Yunifásítì Ifẹ̀, gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Knowledge, Belief, and Witchcraft. Wọ́n ti jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá, wọ́n sì ti bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà, mọ̀, àti ọ̀rọ̀ náà, gbàgbọ́. Èsì tí wọ́n rí gbà ni pé ẹni tó bá ní òun mọ nǹkan ti fi ojú ara rẹ̀ rí i, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ sì ti jẹ́ kó dá a lójú pé ohun tí òun rí yé òun. Ìgbàgbọ́ ní tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti tú ara rẹ̀, ni pé kí ènìyàn gba ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, yálà ẹni náà sọ ọ́ ni tàbí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. A lè dán an wò, bí a bá sì dán an wò tí ojú wa rí i, ó di ìmọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo ni pé, bí a bá fi òdiwọ̀n yìí wọn ilé ìwé, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀ ni yóò bọ́ sí ọ̀dọ̀ ìgbàgbọ́. Ọmọ tó kà á pé ayé ń yí oòrùn po gba ọ̀rọ̀ àwọn tó wo ojú ọ̀run ni. Kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, nígbà tí Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan fún àwọn ọmọ girama àgbà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Ìwé lórí iṣẹ́ ilé ìwé 17 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè àtẹ̀yìnwá WAEC àti JAMB, àti ẹ̀kọ́ ìwà tí wọ́n fà yọ láti inú Ifá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ti kó sínú ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ kí ọmọ má baà nílò dátà kó tó lè kàwé. Orúkọ yẹn kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kàn ṣà lójú ọ̀nà. Ọpọ́n Ifá ni wọ́n fi ń ṣe àpèjúwe, nítorí pé bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń fi ìka tẹ ojú ẹ̀rọ ni babaláwo ṣe ń fi ìka tẹ ojú odù sórí ìyẹ̀rẹ̀òsùn. Ẹni tó ronú kan orúkọ náà ní làákàyè, ó sì yẹ ká yìn ín. Síbẹ̀, ó yẹ ká tẹ̀ lé àpèjúwe náà dé òpin, ká wo ohun tó wà nídìí ọpọ́n àtijọ́ tí kò sí nídìí ọpọ́n tuntun. Orí ọpọ́n Ifá kọ́ ni ìmọ̀ wà. Igi tí wọ́n gbẹ́ ni, tí wọ́n da ìyẹ̀rẹ̀òsùn sí, tí wọ́n sì ń pa ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tó tún tẹ òmíràn. Inú babaláwo ni ìmọ̀ wà, nínú odù 256 tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, níbi tó ti ń já ewé, tó ń gbé àpò, tó ń wo bí ọ̀gá ṣe ń dá Ifá, tí ọ̀gá náà sì ń gbọ́ bó ṣe ń ké e, tó ń dá a dúró níbi tó bá ti ṣì í. Ọpọ́n Ìmọ̀ ti Ọ̀ṣun gbé ọpọ́n wá, ó gbé ẹsẹ̀ Ifá náà wá, ṣùgbọ́n ó fi àyè ọ̀gá sílẹ̀ lófìfo.

Àwọn ẹ̀sìn méjì yòókù nílẹ̀ Yorùbá mọ ìṣòro yìí. Nílé kéwú àwọn Mùsùlùmí, wàláà, ìyẹn pátákó ìkọ̀wé, wà lọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí a ń pè ní ẹni tó ti kéwú nítorí pé ohun tó wà lára wàláà rẹ̀ pé. Ẹnu aláfàá ló ti gbọ́dọ̀ gbà á, kó sì kà á padà sí etí aláfàá kan náà. Ẹ̀sìn Kristi tilẹ̀ gba orúkọ rẹ̀ nílẹ̀ yìí lára ọ̀rọ̀ tí à ń yẹ̀ wò, tó fi jẹ́ pé Onígbàgbọ́ ni wọ́n ń pe ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ẹni tó gba ohun tó gbọ́. Tọ́másì tó ní òun kò gbà àfi kí òun fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ Jésù ni wọ́n máa ń bá wí nínú ìwàásù. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ẹ̀bi nínú ọ̀ràn ìgbàlà ni ó yẹ kí olùkọ́ kẹ́mísírì máa fẹ́ lára ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Àpẹẹrẹ tó fi èyí hàn jù ni iṣẹ́ kẹ́mísírì tí wọ́n ti ń da áásìdì sínú ohun tó dojú ìjà kọ áásìdì, títí àwọn méjèèjì yóò fi pa ara wọn. Fídíò rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn nínú wọn sì mọ́ kedere ju ohun tí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì lè rí lọ. Ọmọ rí ọwọ́ olùkọ́ tó ń yí ẹnu ọ̀pá gíláàsì náà, ó rí omi tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò nínú ìgò, ó sì rí i tó di àwọ̀ ọsàn. Ó lè wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ohun tí kò lè rí ni pé ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ló wà láàárín yẹ́lò àti àwọ̀ ọsàn, pé bí ẹ̀kán kejì bá jábọ́ tẹ̀ lé e, omi náà á pọ́n, iṣẹ́ náà á sì bàjẹ́; pé ojú ènìyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó bá ojú omi dọ́gba kó tó ka òǹkà ara gíláàsì; pé ọwọ́ máa ń gbọ̀n, àti pé ọwọ́ náà ni yóò kọ́ bí a ṣe ń fara balẹ̀. Nínú fídíò, olùkọ́ ti ṣe é yanjú kó tó gbé e síta. Ìtàn iṣẹ́ tó yọrí sí rere ni ọmọ gbọ́, ó sì gbà á gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò WAEC ni yóò kọ́kọ́ di gíláàsì náà mú, kò sí bí a ṣe lè sọ pé ó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹnìkan lè dáhùn pé ẹ̀sùn yìí kò kan íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, òótọ́ ni onítọ̀hún sì sọ. Olùkọ́ tó kọ nóòtì sára bọ́ọ̀dù, tí àwọn ọmọ dà á kọ, tí agogo lù, kò fún wọn ju ìgbàgbọ́ lọ. Òmíràn nínú ìgbàgbọ́ náà tilẹ̀ kún fún àṣìṣe tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ. Ilé ìwé tí kò ní olùkọ́ físíìsì rárá kò lẹ́nu láti bá fóònù wí, nítorí pé ìgbàgbọ́ tó dára sàn ju àìgbọ́ rárá lọ. Nígbà tí ìjọba ti ilé ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, tí àwọn ìpínlẹ̀ bí Èkó àti Ògùn gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó ní rédíò àti bátìrì ti rí oore gbà. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì, nígbà náà, kò sí láàárín fóònù àti kíláàsì. Ó wà láàárín ẹ̀kọ́ tó parí síbi gbígbọ́ àti ẹ̀kọ́ tó gbé ọmọ dé ibi dídán wò.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ síra lórí èyí, àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ kò sì kà á sí tó. Nínú ìṣirò, ọmọ Ẹdúnàbọ̀n tó wo fídíò, tó ti fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó mú ìwé àti bírò, tó ṣe ìṣirò náà títí ó fi rí i fúnra rẹ̀ pé bí ó ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn, ti mọ̀ ọ́n ní kíkún. Kò sí ohun tí ọmọ Èkó tàbí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù fi jù ú. Ìtàn ìgbà láéláé yóò máa jẹ́ ìgbàgbọ́ fún gbogbo wa, àti ọmọ àti olùkọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni tirẹ̀ yani lẹ́nu jù, nítorí pé níbẹ̀ ọmọ oko ní ohun tí ẹ̀rọ kò ní. Àwòrán òdòdó tó wà nínú ẹ̀kọ́ sábà máa ń fi í hàn ní orí ẹ̀ka, láàárín ewé. Kí ọmọ náà wá gbé àwòrán yẹn dé abẹ́ igi kòkó. Lára ìtì igi gan-an, níbi tí èèpo ti le, ni yóò ti bá òdòdó kòkó, ó funfun, ó ní ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú nínú, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó sì fi igi tín-ín-rín rọ̀ sára ìtì bí ẹni pé ẹnìkan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Yóò rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń já sílẹ̀ láìso, bó bá sì ní sùúrù, yóò rí kòkòrò tíntìntín tó ń wọ inú wọn. Ní ọjọ́ yẹn, ohun tí fóònù sọ nípa bí òdòdó ṣe ń di èso yóò kúrò ní ohun tó gbọ́, yóò sì di ohun tó mọ̀, yóò sì tún mọ̀ pé àwòrán náà kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Fóònù ló rán an lọ síbẹ̀. Oko ló dá a lóhùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí a gbà gbọ́. Nígbà tí ènìyàn bá ń gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ìwà ẹni náà ni ó fi ń ṣe ẹ̀rí, nítorí náà ni Yorùbá ṣe máa ń béèrè ta ló sọ ọ́, níbo ló sì wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ọmọ, ọmọ náà kò sì mọ̀ ọ́n ní ọjà tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ewu èyí ti pọ̀ sí i báyìí tí ẹ̀rọ ti lè ṣẹ̀dá fídíò ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tó fi jẹ́ pé ohun tó dà bí fífi ojú rí gan-an ti padà di gbígbọ́. Ìdí nìyí tí olùkọ́ tó wà nítòsí fi tún wúlò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí kò tilẹ̀ mọ gbogbo nǹkan, nítorí pé òun ni ọmọ lè wò lójú, kó sì ní kó fi hàn òun.

Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìyẹn orúkọ tí Yunifásítì Ifẹ̀ ń jẹ́ báyìí, fúnra rẹ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀ ní ìṣe. Ibùdó ẹ̀kọ́ àkọ́jìnnà rẹ̀ wà ní Mòrò, lẹ́bàá Ẹdúnàbọ̀n, fún àwọn àgbàlagbà tó ń kàwé láti ilé àti láti ẹnu iṣẹ́. Síbẹ̀ ilé wà níbẹ̀, kíláàsì wà níbẹ̀, wọ́n sì ń wá síbẹ̀ láti bá olùkọ́ pàdé. Bí àgbàlagbà tó ti ní ìrírí ayé bá ṣì nílò irú ibẹ̀, ọmọ ọdún 15 nílò rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn ìlú Ẹdúnàbọ̀n, Mòrò àti Ìpetumodù lè jọ béèrè fún àwọn ọmọ girama wọn kì í ṣe dátà nìkan. Yàrá kan ni, tí omi ń yọ nínú rẹ̀, tí iná kì í lọ níbẹ̀, tí gíláàsì àti áásìdì tó fún ogún ọmọ wà lórí tábìlì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú olùkọ́ kan tí yóò dúró lẹ́yìn ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò sì ní gba gíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀.