Orúkọ Ló Ṣáájú Ipò

Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà bẹntiróòlù kan fò láti 65 náírà sí 141. Ìgboro gbóná, òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá dá a padà sí 97. Wọ́n ní àwọn yóò fi owó tó ṣẹ́ kù nídìí rẹ̀ ṣètò iṣẹ́ ìlú tí wọ́n pè ní SURE-P. Ta ni wọn ì bá fi ṣọ́ owó yìí tí aráàlú tínú ń bí kò ní pariwo olè? Dókítà Christopher Kọ́ládé, ọmọ Ẹ̀rìn-Òkè, ni wọ́n yàn. Ẹni ọdún 79 ni nígbà náà.

Orúkọ yẹn ti pẹ́ nílẹ̀. Kọ́ládé lọ sí Fourah Bay ní Freetown, ilé ẹ̀kọ́ tí Àjàyí Crowther ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ó ṣe olùdarí àgbà rédíò ìjọba àpapọ̀ láti 1972 dé 1978, ó darí Cadbury, ó sì ṣojú Nàìjíríà ní London láti 2002 dé 2007. Nígbà tó dé, kò jókòó sílé. Ó kọ́ni ní Lagos Business School, ó ṣe alága ìgbìmọ̀ olùdarí Yunifásítì Pan-Atlantic, ó sì di Chancellor Yunifásítì McPherson ní Sẹ̀ríkí-Ṣótayọ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí.

Kí ló kan aṣojú ìjọba nínú ọ̀rọ̀ yunifásítì? Lójú tèmi, ó kàn án gan-an. Aṣojú ìlú kò ní ohun mìíràn lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìwé ẹ̀rí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu yunifásítì ni: ó ń sọ fún ayé pé ọmọ yìí mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ra máàkì ti mú kí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá a purọ́. Ó sì ń dùn mí, torí mo mọ ohun tí òbí ń fojú rí ní Ogun Waterside kí ọmọ tó wọlé sí Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí yunifásítì ti wà láti 1982.

Ní 2013, Kọ́ládé kọ̀wé fi SURE-P sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ipò lè lọ, orúkọ ló ń kù. Torí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, bí ẹ bá fẹ́ dìbò yan olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń bá ẹni tó ń dupò náà gbé yàrá léèrè: owó oúnjẹ tí wọ́n dá jọ sí i lọ́wọ́, ṣé ó jíhìn rẹ̀?