Ṣé Ó Yẹ Kí Òbí Gbé Gbogbo Òkè Kúrò Lọ́nà Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí wa. Òbí kan á ní, "Mo jìyà kí n tó di ènìyàn, ọmọ tèmi náà gbọ́dọ̀ jìyà kó lè gbọ́n." Òbí kejì á ní, "Mo ti jẹ ìyà tèmi àti ti ọmọ mi pọ̀, ọmọ mi kò ní í mọ ohun tó ń jẹ́ ìyà." Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ọmọ wọn. Ọ̀nà kan náà sì ni àwọn méjèèjì gbà kọjá. Èwo nínú wọn ló wá sọ òtítọ́? Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè gun òkè kó má tilẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ kò lè ṣe aláìmọ̀.

Erinjẹ ni ìlú wa, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. A kò ní àpáta gàgàrà bíi ti Ìdànrè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa kò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti àwọn ará wa Ìlàjẹ tí wọ́n ń gbé lẹ́bàá omi. Orúkọ Òkìtìpupa pàápàá ń sọ nípa òkìtì tó pupa. Ojú ọ̀nà oko a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò, a sì tún gòkè padà, láàárín igi ọ̀pẹ, igi rọ́bà àti oko ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe púpurú. Kí ọ̀kadà tó gbòde, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ àgbà fi ń ru epo àti ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tó ń ti Nottingham wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbajúmọ̀ láàárín wọn. Kẹ̀kẹ́ irú èyí wúwo, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní jíà tí ènìyàn lè yí. Bí òkè bá ti le jù, ẹni tó gùn ún á sọ̀ kalẹ̀, á sì máa tì í. Lónìí, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gun kẹ̀kẹ́ wá sí ilé ìwé, ẹlòmíràn á fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá rẹ̀ kò lówó ọ̀kadà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti òbí àkọ́kọ́. Ó ní ìyà ló sọ òun di ènìyàn. Òwe wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àwọn àgbà ló sọ pé ohun tí a kò bá làágùn fún kì í tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá òkè nìkan ló ń sọ ènìyàn di ènìyàn, ó yẹ ká wo ibi tí òkè pọ̀ sí. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, Rwanda ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún òkè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje kẹ̀kẹ́ gígùn ti gbogbo àgbáyé wáyé ní Kigali, olú ìlú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ìdíje náà máa wá sí Áfíríkà. Eré àwọn ọkùnrin lé ní 260 kìlómítà, òkè lórí òkè, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ni kò sì lè parí rẹ̀. Tadej Pogačar láti Slovenia ló gba ipò kìíní.

Lórí irú òkè kan náà ní Rwanda, àwọn ọkùnrin wà tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì omi lójoojúmọ́. Òkè kan náà ni, òógùn kan náà ni. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹni tó ń sáré ìdíje ló fúnra rẹ̀ yan òkè. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ó lè sọ̀ kalẹ̀ kó lọ sùn. Ọkọ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú omi àti táyà mìíràn. Aláàárù ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, bí ó bá sì dúró, ebi lè pa ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ìyà òkè nìkan ló ń gbé ènìyàn ga, àwọn aláàárù wọ̀nyí ni ì bá máa gba ife ẹ̀yẹ.

Nílé wa níbí náà, a rí irú rẹ̀. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris lọ́dún 2024, Ese Ukpeseraye ló fi kẹ̀kẹ́ ṣojú Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n sọ fún un láìròtẹ́lẹ̀ pé yóò tún kópa nínú eré kẹ̀kẹ́ ti inú pápá, kò ní kẹ̀kẹ́ tó bá eré náà mu. Àwọn ikọ̀ Jámánì ló yá a ní èyí tó lò. Ó ti làágùn dé ibẹ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn kò ṣeé rọ di kẹ̀kẹ́. Nítorí náà, bí òbí bá ní ìyà ló gbé òun dé ibi tí òun dé, ẹ jẹ́ kó tún rántí dáadáa. Bóyá ìyá àgbà kan wà tó ń fi oúnjẹ pamọ́ dè é. Bóyá olùkọ́ kan wà tó yá a ní ìwé. Ó sì yẹ kó rántí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ gba ọ̀nà náà tí wọn kò dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó dé ló ń ròyìn ọ̀nà. Ẹni tó ṣubú kò sí níbẹ̀ láti sọ tirẹ̀. Tótó ó ṣe bí òwe o, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ohun tí àgbà ń wo ẹ̀yìn fún ni kó lè mọ ohun tó gbé òun ṣubú, kì í ṣe kó lè fi í sílẹ̀ síbẹ̀ de ọmọ rẹ̀.

Ṣé òbí kejì ló wá jàre? Rárá o. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà ìdánwò. Àwọn òbí kan wà tí wọ́n ń sanwó expo fún ọmọ wọn, àwọn mìíràn sì ń wá ẹni tí yóò bá ọmọ kọ ọ́. Wọ́n ní àánú ọmọ ló ń ṣe àwọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀ sí pé kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé ọmọ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sórí òkè. Ọmọ dé òkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń gùn ún. Nígbà tó bá wọ yunifásítì, tí òkè kejì bá yọjú, ta ni yóò wa ọkọ̀ náà? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Nígbà náà, kí ni ṣíṣe? Mo rò pé àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nítorí ìfẹ́ lè kọ́ wa. Ẹ bi wọ́n irú ọ̀nà tí wọ́n ń wá. Wọn kì í wá ọ̀nà tó tẹ́jú jù, wọn kì í sì í wá títì márosẹ̀ tí tírélà ń sá gìrìgìrì lórí rẹ̀. Ọ̀nà ìgbèríko tó dákẹ́ tó sì ní òkè ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó ń gun òkè lórí kẹ̀kẹ́ kì í lè yára, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ a sì máa yà sọ́tùn-ún sósì díẹ̀. Bí tírélà bá ń bọ̀ lẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ kò ní í sí lára òkè mọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò máa rò. Wọ́n ti mọ ohun tí àwọn òbí méjèèjì yẹn kò yà sọ́tọ̀: ọ̀tọ̀ ni òkè, ọ̀tọ̀ ni ewu. Òbí àkọ́kọ́ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún ọmọ. Òbí kejì kó àwọn méjèèjì dànù. Iṣẹ́ òbí ni kó mú ewu kúrò, kó sì fi òkè sílẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀nà tó dákẹ́ jù náà ní ewu tirẹ̀, pàápàá láyé tí a ń bẹ̀rù àwọn ajínigbé yìí. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi tó kí òbí ní, "Máa lọ, ìyà kì í pa ọmọ." Kó bá a lọ. Kó gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kó wá ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé tí yóò bá a lọ. Ẹni tó bá ọmọ rìn kò tíì gbé ọmọ.

Kẹ̀kẹ́ òde òní tún kọ́ wa ní ohun kan sí i. Ó ní jíà, ìyẹn àwọn irin eléyín tí ṣéènì ń bọ́ láti orí ọ̀kan sí orí èkejì. Bí a bá yí i sí èyí tó rọrùn, ẹsẹ̀ á yí lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n agbára tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan á kéré. Jíà kò dín gíga òkè kù rárá. Ó kàn pín òkè sí wẹ́wẹ́ tí ẹsẹ̀ lè gbà ni. Bí olùkọ́ rere ṣe ń ṣe nìyẹn. Kì í sọ ìdáhùn ìṣirò fún wa, kì í sì í pa wá tì sídìí ìṣirò náà. Ó ń pín in sí ìgbésẹ̀ kéékèèké títí a ó fi rí i pé àwa fúnra wa la ṣe é. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Nítorí náà, kí òbí tàbí olùkọ́ tó gbé ohun kan ka ọmọ lórí, ẹ jẹ́ kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ohun tí ọmọ ń bá jà yóò fún un lágbára, àbí yóò kàn ṣe é léṣe? Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ṣé ó lè sọ̀ kalẹ̀ kó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìsí pé a fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣé ẹnìkan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wò ó? Kí ọmọ gbálẹ̀ kó sì fọ aṣọ ara rẹ̀, òkè ni. Kí ọmọ mẹ́ta gun ọ̀kadà kan lọ sí ilé ìwé, ewu ni. Kí ọmọ ka ìwé tó le fúnra rẹ̀, òkè ni. Kí ó máa kiri ọjà lójú títì títí ilẹ̀ fi ṣú, tí kò sì rí àyè kàwé, ewu ni, bí a tilẹ̀ ń pè é ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe fi ìyà tí ẹ jẹ jẹ wá, ẹ má sì fi ìfẹ́ gba ẹsẹ̀ wa. Ẹ bá wa lé tírélà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ fún wa ní kẹ̀kẹ́ tó ní jíà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwa fúnra wa gun òkè náà.