Bí Ìjọba Bá Dín Owó Ìrànwọ́ Kù, Ṣé Irọ́ Di Ẹ̀tọ́?

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí wọ́n ti bi wá ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lẹ́yìn kéwú ọjọ́ Sátidé. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá ni ó kọ́kọ́ bi wá. Ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ fún àwọn tí ó ń ṣe ìnáwó ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ọmọ yìí ni ó ń bá ìyá rẹ̀ tẹ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde ránṣẹ́ sí ìjọba lóṣooṣù, nítorí pé ìyá kò mọ fóònù lò tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kan tí ìnáwó pọ̀, ìyá ní, "Tẹ £600." Ọmọ sì mọ̀ pé èrè oṣù náà lé ní £1,500. Ó wá bi wá pé, "Áàfáà, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ṣé èmi ni mo purọ́ ni, àbí Mọ́mì mi?"

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó mú ìyá sọ bẹ́ẹ̀, nítorí a mọ̀ ọ́n, kì í ṣe olè. Láti ọdún 2013 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó oríṣi bẹ́nífíìtì mẹ́fà pọ̀ sójú kan tí wọ́n ń pè ní Universal Credit. Tax credit tí ọ̀pọ̀ òbí tí ó ń ṣiṣẹ́ ara wọn gbójú lé tẹ́lẹ̀ parí pátápátá ní oṣù April 2025. Lábẹ́ ètò ti àtijọ́, ohun tí ènìyàn pa lọ́dún ni wọ́n ń wò. Lábẹ́ ti ìsinsìnyí, oṣù kọ̀ọ̀kan ló dá dúró. Bí iṣẹ́ rẹ bá sì ti pé oṣù méjìlá, wọ́n ní ìwọ̀n kan tí wọ́n retí pé kí o pa. Bí o kò bá pa á, wọn yóò ṣírò rẹ bí ẹni tí ó pa á.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó sọ ọ́. Ní ọdún 2025, ẹni tí wọ́n retí pé kí ó ṣiṣẹ́ wákàtí 35 lọ́sẹ̀, ó lé ní £1,600 lóṣù tí wọ́n ń kà sí i lọ́rùn. Bí ó bá pa £900 péré, £700 tí kò fojú rí ni wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ó wà lápò rẹ̀. Wọn á yọ 55 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kúrò nínú ìrànwọ́ rẹ̀, èyí sì jẹ́ £385. Owó ilé kò mọ̀ pé oṣù yẹn kò dára. Ṣáájú èyí, £20 tí wọ́n fi kún owó ọ̀sẹ̀ ní April 2020 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, wọ́n gbà á padà ní October 2021. Ní April 2017 náà ni òfin ọmọ méjì dé, pé ọmọ kẹta tí a bá bí kò ní owó tirẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn ará wa fi ń sọ pé, "Bí ìjọba bá ń ka owó tí n kò rí sí mi lọ́rùn, kí ló dé tí n kò lè fi èyí tí mo rí pamọ́?" A kò rí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa tó báyìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ẹ̀rín dáhùn. (Àwọn kan tún ń sọ pé owó kèfèrí ni, pé kò sí haráàmù níbẹ̀. Èyí kò gba àkókò wa. Àwọn ará Mẹ́kà tí ó fẹ́ pa Ànábì pàápàá, ó fi Ali sílẹ̀ sẹ́yìn kí ó lè dá ohun tí wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ padà fún wọn.)

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ní oṣù tí òfin yìí rẹ́ ẹ jẹ, tí o pa £900 tí wọ́n sì kà á sí £1,600, irọ́ kò wúlò fún ọ. Bí o tẹ £900, bí o tẹ £300, ìrànwọ́ kan náà ni. Oṣù tí irọ́ ń mówó wá ni oṣù tí ọjà tà, tàbí ọdún àkọ́kọ́ tí wọn kò tíì fi ìwọ̀n náà dè ọ́. Àbí ìgbà tí o jẹ́ olùtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ibi tí a ti fìyà jẹ ọ́ kọ́ ni o ti ń gbẹ̀san.

Ẹni tí ó gbọ́n yóò dá wa lóhùn pé, "Áàfáà, oṣù tí ó dára ni mo fi ń dí ihò oṣù tí kò dára." Òótọ́ ni. Bí a bá kó oṣù méjìlá pọ̀, ẹni tí owó rẹ̀ ń lọ sókè sódò máa ń pàdánù ju ẹni tí ó ń gba iye kan náà lóṣooṣù lọ. Àmọ́ ta ni yóò wọn ihò náà? Ìwọ ni olùpẹ̀jọ́, ìwọ ni adájọ́, ìwọ náà ni o di òṣùwọ̀n mú. A kò tíì rí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n fún ara rẹ̀ tí ó wọ̀n ọ́n kéré.

Àwọn onítàn Ìsìláàmù ròyìn pé ní ayé Kálífà Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, owó ìtọ́jú ọmọ kì í jáde láti Báítúl-màálì àfi fún ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú. Lóru ọjọ́ kan, ó gbọ́ igbe ọmọ láàrin àwọn oníṣòwò tí ó wọ̀ sí Mẹ̀dínà, ó lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Igbe náà kò dá. Níkẹyìn ni obìnrin náà, tí kò mọ̀ pé Umar ni, sọ fún un pé òun ń fi ipá já ọmọ náà lẹ́nu ọmú nítorí Umar kì í fún ọmọ tí ó ń mu ọmú ní nǹkan. Nígbà tí Umar ń kírun òwúrọ̀, ẹkún kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ kéwú rẹ̀. Ó pa òfin náà dà pé láti ọjọ́ ìbí ni owó ọmọ.

Umar kò dá obìnrin náà lẹ́bi, ara rẹ̀ ni ó dá lẹ́bi. Èyí tó fún àwa tí a máa ń yára dá òbí lẹ́bi lórí mínbárì. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò lọ sọ fún akọ̀wé pé òun ti já ọmọ nígbà tí òun kò tíì já a. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ kì bá tí ké, Umar kì bá tí gbọ́. Òótọ́ ni pé ìjọba ibí kì í rìn lóru bí Umar. Òfin ọmọ méjì yẹn, ó lé ní ọdún mẹ́jọ tí wọ́n fi ń ké lé e lórí kí wọ́n tó kéde ní November 2025 pé yóò kásẹ̀ nílẹ̀ láti April 2026. Síbẹ̀ igbe òótọ́ ni wọ́n gbọ́. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bá ń fi hàn pé £600 tó o gbé oṣù, kí ni ẹnikẹ́ni yóò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?

Ẹni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ ní tòótọ́, ìdájọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ṣàríà mọ̀ pé inira lè sọ ẹran òkú pàápàá di jíjẹ, ní ìwọ̀n tí ẹ̀mí kò fi ní bọ́. A kò ní gba ọ̀nà yẹn lọ́wọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù tí £1,500 wọlé kì í ṣe oṣù ẹran òkú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Òun kan náà tí ó fi àtàǹpàkò tẹ £600 lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, lọ́jọ́ Sátidé ó jókòó níwájú wa, ó ń ka Súrà Al-Mutaffifin lórí, èyí tí ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó ń gbà kún tí wọ́n sì ń wọ̀n kù. A kò mọ bí a ṣe fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un láì wò ó lójú. Ìdáhùn wa sí ìbéèrè rẹ̀ ni pé ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ní ìpín níbẹ̀, ẹni tí ó rán an ní èyí tí ó pọ̀ jù. Kò sì sí ìgbọ́ràn sí òbí níbi tí a bá ti ń ṣẹ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n Súrà Luqman tí ó sọ pé kí a má gbọ́ràn sí òbí lórí ẹbọ, ibẹ̀ náà ni ó ti ní kí a máa bá wọn gbé pẹ̀lú dáadáa. Kí ọmọ má ṣe wàásù fún ìyá tí ó ti dúró nídìí ìkòkò láti ìdájí.

Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó ra ìwé kan, kí ó máa kọ owó ìrẹsì, owó gáàsì, owó ọkọ̀, owó abọ́ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òbí wa kì í yọ ìnáwó iṣẹ́ kúrò kí wọ́n tó tẹ iye wọn, tí òfin sì fún wọn láyè. Òbí tí ó jẹ́ olùtọ́jú ọmọ ọdún mẹ́ta sí méjìlá, wákàtí 30 ni ó yẹ kí wọ́n retí lọ́dọ̀ rẹ̀ láti October 2023, kì í ṣe 35. Bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ bí ẹlòmíràn, kí ọmọ bá a kọ̀wé pé kí wọ́n tún un wò. Citizens Advice máa ń ranni lọ́wọ́ lórí irú èyí lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa tí a ń kọ èyí náà kò dúró lókèèrè. Ọwọ́ ni a fi ń gba owó kéwú, kò sí ẹni tí ó mọ iye rẹ̀ bí kò ṣe Ọlọ́hun àti àwa. Oṣù tí ọmọ bá pọ̀, a mọ ohun tí ó máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Oṣù August tí gbogbo wọn rìnrìn-àjò, ta ni a lè sá bá? Àwọn kan nínú wa, ìwé ìwọ̀lú wọn kò tilẹ̀ fún wọn láyè bẹ́nífíìtì kankan.

Nítorí náà ni a ṣe mú àbá kan wá fún ẹgbẹ́ yìí: kí a dá àpò kan sílẹ̀ bí àjọ, tí òbí tí oṣù rẹ̀ kò dára yóò ti yá owó láìsí èlé, tí yóò sì san án padà nígbà tí ọjà bá tà. A ti fi £50 bẹ̀rẹ̀. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò.

Ọmọbìnrin náà kò tíì sọ fún wa ohun tí ó tẹ̀. A kò sì bi í.