Ọ̀ṣun Kò Kọrin

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dí oríta Fájuyì pa l'Ádó-Èkìtì nítorí ìwà ọlọ́pàá SARS, orin ni wọ́n ń kọ tí wọ́n ń jó sí. Ní ìpàdé awo wa lẹ́yìn náà, bàbá àgbà kan pòwe mọ́ wọn: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó ní ọpẹ́ ni Ifá fi kọ́ wa, kì í ṣe orin ẹ̀sùn. Bàbá jù mí lọ, mo dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹsẹ Ifá kan nínú Odù Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá ni ǹ bá fi dá a lóhùn. Ta ni awo tí kò mọ̀ ọ́n? Irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún dáyé, wọn kò ka Ọ̀ṣun tó ṣe ìkẹtàdínlógún wọn sí, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé dàrú, wọ́n sì padà tọ Olódùmarè lọ. Ibi tí mo ń wí gan-an nìyí. Olódùmarè kò ní kí Ọ̀ṣun wá dúpẹ́ pé wọ́n jẹ́ kó bá àwọn wá sáyé. Ìkẹtàdínlógún wọn dà? Ohun tó béèrè nìyẹn, ló bá ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ àwọn tó ṣẹ̀ ló ṣáájú; ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọpẹ́ tó dé.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni ẹsẹ yìí ń sọ. Ó ń sọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tí wọn kò pè síbi ìpín, Ọ̀ṣun ni, títí kan òṣìṣẹ́ Èkìtì tí wọ́n jẹ lówó oṣù ní 2017. Owó iṣẹ́ kì í sì í ṣe oore, bẹ́ẹ̀ ni ààbò lọ́wọ́ ọlọ́pàá tí àwọn ọ̀dọ́ ń bèèrè kì í ṣe oore. Bàbá gbàgbé èyí nígbà tó ń pòwe.

Ohun tó wá ń gbà mí lóorun ni pé Ọ̀ṣun inú ẹsẹ yẹn kò kọrin rárá. Ó dákẹ́, ó ń wò wọ́n, ayé ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa ba ìjọba lẹ́rù. Ẹni tó ń fi orin bá ọ wí ṣì gbà pé o létí. Ní 1983, Níyì Ọ̀ṣúndáre ọmọ Ìkẹ́rẹ́ (ẹ fetí sí orúkọ náà o: Ọ̀ṣun ló dá àre!) gbé ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Songs of the Marketplace. Ìyà mẹ̀kúnnù kún inú rẹ̀ bámúbámú, síbẹ̀ orin ló pè é.

Ìrètí ńkọ́? Oyún wà nínú Ọ̀ṣun nígbà tí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó fi bí, Ọ̀ṣẹ́tùrá, ló wá ń gbé ẹbọ wọn dé ọ̀run. Ẹni tí wọ́n fojú fò dá ló lóyún ohun tí wọ́n ń wá kiri.

Bí mo bá tún rí bàbá, màá ní kí a jọ gba Ìyìn lọ sí Ìgèdè, níbi tí odò Ọ̀ṣun ti sun, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún omi náà pé ọpẹ́ ló kù tí kò tíì dá.